Ilẹ̀ Tó Ń Dán: Ìtàn Ilẹ̀ Ilé láti Ilé-Ifẹ̀ dé Ìgbóṣèrè

Ohun tí gbogbo wa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ láìbìkítà ni mo fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ wò lónìí. Ilẹ̀ ilé ni.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè wa ní fún ilẹ̀. Ilẹ̀ tí àgbẹ̀ ń ro, ilẹ̀ tí a ń sin òkú sí, ilẹ̀ tí ẹbí ń tìtorí rẹ̀ wọ ara wọn lọ sílé ẹjọ́, àti ilẹ̀ yàrá tí a ń tẹ́ ẹní sí, ilẹ̀ ni gbogbo wọn. Òyìnbó ya tinú ilé sọ́tọ̀, ó fún un ní orúkọ tirẹ̀. Yorùbá kò yà á. Lójú àwọn baba wa, a kì í kọ́ ilẹ̀ ilé. Ògiri la ń mọ, òrùlé la ń bò. Ilẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí ilé tó dé, ìtọ́jú nìkan ló kù tí a ó fún un. Ìgbà tí pètéésì dé ni ọ̀rọ̀ náà di àdììtú díẹ̀: pákó kan ṣoṣo tí a tẹ́ sáàárín ilé, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń pè é ní àjà, ẹni tó wà lókè ń pè é ní ilẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ náà, palẹ̀mọ́. Bí a bá jẹun tán, a ó palẹ̀ àwo mọ́. Bí òde bá parí, a ó palẹ̀ àga mọ́. Ṣùgbọ́n tí a bá tú u, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pa, ilẹ̀, àti mọ́. Kí ni pa yìí? Mo rò pé kì í ṣe pa ti ẹran pípa. Èyí tó wà nínú para ni, bí a ti ń sọ pé ó fi àdí para, ó fi osùn para: kí a fi nǹkan ra ojú nǹkan mìíràn títí yóò fi jọ̀lọ̀. Bí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ẹ̀kọ́ nípa bí ọ̀rọ̀ ṣe ń so mọ́ra, mo máa ń sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ yìí máa pa àwòrán obìnrin kan mọ́, tó kúnlẹ̀ tó ń fi ọwọ́ ra ilẹ̀ ilé rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn kì í gbà. N kò bínú sí wọn, nítorí iyàn tó dára ni.

Ìdí tí mo fi ń gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde ni àṣà kan tó gbòde ní Èkó báyìí. Àwọn ilé ìtajà, ọ́fíìsì, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà, àti ilé gbígbé pàápàá, ti ń kọ táìsì sílẹ̀. Kọnkéré gan-an ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ lọ̀ títí yóò fi máa dán bí omi inú àwo. Ẹni tó bá rí i yóò ní àṣà òyìnbó tuntun ni. Ẹ̀rọ náà jẹ́ tuntun lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ń dán kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá, kì í sì í ṣe àlejò ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn yìí lè fi owó ńlá pa ohun tó ń wá run, bí mo ti rí i tí ó fẹ́ ṣẹlẹ̀ ní àgbàlá kan ní Ìgbóṣèrè. N óò dé orí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé níbẹ̀ ló ti kan ilẹ̀ àpáàdì: àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n gbé nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí etí wọn nìkan yọ sókè, tí wọ́n tò lọ́nà tó fi dà bí egungun ẹja. Níbòmíràn wọ́n fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ sí i láàárín láti fi ṣe ọnà. Àwọn awalẹ̀pìtàn, bí Peter Garlake tó ṣiṣẹ́ ní Ọbalárá àti Wóyè Asírí láti ọdún 1971 sí 1973, fi hàn pé àgbàlá ilé àti ojú ìbọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì bá ọrùn ìkòkò tí a rì mọ́ ilẹ̀ náà, ibi tí a lè ta omi tàbí ọtí sílẹ̀ sí. Láàárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi àṣà náà sí ní Ifẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu fi iṣẹ́ náà lé Ọọ̀ni Lúwo lórí, obìnrin tó jọba ní Ifẹ̀. Wọ́n ní kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan ẹrẹ̀. Irú ilẹ̀ àpáàdì bẹ́ẹ̀ wà títí dé Tógò. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú èyí ni pé àfọ́kù ni wọ́n fi ṣe é. Ohun tó ti wúlò tán nínú ilé ìdáná ni wọ́n sọ di ilẹ̀ tí ọba ń tẹ̀. Òjò ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kò sì rí i wọ́ lọ.

Ilé tálákà kò ní àpáàdì. Amọ̀ ni ilẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe amọ̀ lásán. Wọn á da erùpẹ̀ pupa sí i, wọn á bu omi wọ́n ọn, wọn á fi igi pẹlẹbẹ lù ú títí kò fi ní gba èékánná mọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin yóò gbé ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n ti pò mọ́ omi wá, wọn yóò fi àtẹ́lẹwọ́ ra á. Ní ibi tí igi igbá pọ̀ sí, wọ́n ń se èèpo èso rẹ̀, èyí tí a bó kí a tó rí wóró tí a fi ń ṣe irú. Omi dúdú tó jáde lára rẹ̀ ni wọ́n ń fi ra ilẹ̀ àti ògiri, nítorí ohun kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń so amọ̀ pọ̀ tí òjò kò fi ní tètè tú u. Bí ó bá gbẹ, wọn á tún fi òkúta tó ń jọ̀lọ̀ ra á. Yóò dúdú, yóò tutù, yóò máa dán. Bí ọdún bá ń bọ̀, wọn á tún un ra. Iṣẹ́ tí kì í tán ni, obìnrin ló sì ń ṣe é. Nígbà tí àwọn ọkùnrin bá ń sọ pé àwọn ló kọ́ ilé, ó yẹ kí a máa béèrè ẹni tó ń ra ilẹ̀ rẹ̀.

Èkó ní ìṣòro tirẹ̀. Erékùṣù oníyanrìn ni, pẹ̀lú àbàtà kiri, omi kò sì jìnnà sí ojú ilẹ̀. Ní òpópó Kákáwá, ilé kan wà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ilé Omi. Ìdílé da Rocha, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ti Brazil padà dé, ló ni ín. Kànga inú àgbàlá wọn ni àwọn ará Èkó ń ra omi lọ́dọ̀ rẹ̀ kí omi ẹ̀rọ tó dé. Kànga tó ń mówó wọlé dára, ṣùgbọ́n omi tó sún mọ́ ojú ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ilẹ̀ amọ̀ gbẹ. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹni tí kò da nǹkan kan síwájú ń tẹ ilẹ̀ tútù bákan náà.

Àárín ibi tí à ń wí yìí ni àwọn Àgùdà tẹ̀dó sí. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia ní oṣù kìíní ọdún 1835, èyí tí ọ̀pọ̀ Yorùbá wà nínú rẹ̀, ìjọba ibẹ̀ lé àwọn kan, àwọn mìíràn sì fẹsẹ̀ ara wọn wá. Ìpadàbọ̀ wọn pọ̀ sí i lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá ìbọn kọlu Èkó ní 1851 tí wọ́n sì gba ìlú náà ní 1861. Pópó Àgùdà ni wọ́n ń pe àdúgbò wọn: Bámgbóṣé, Tọ́kunbọ̀, Kákáwá, ojúde Campos, àti òpópó Ìgbóṣèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn òde òní mọ̀ mọ́ ilé ẹjọ́ gíga tí iná jó ní oṣù kẹwàá ọdún 2020. Bíríkìlà àti káfíńtà pọ̀ nínú wọn. João Baptista da Costa ló ṣe olórí iṣẹ́ mọ́sálásí Ṣítta Bey ní òpópó Martins, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1894. Balthazar dos Reis, káfíńtà, gba ẹ̀yẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1886 nítorí tábìlì tó kàn. Sobrado ni wọ́n ń pe ilé alájà wọn ní èdè Potogí. Pákó ni ilẹ̀ òkè rẹ̀, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, níbi tí ọjà wà tí àlejò sì ń gbà wọlé, wọ́n nílò ohun tí ọ̀rinrin kò lè tú.

Sìmẹ́ńtì ni ohun náà. Ní 1824 ni Joseph Aspdin, bíríkìlà kan ní ìlú Leeds, gba ìwé àṣẹ lórí irú tirẹ̀ tó pè ní Portland, nítorí pé bí ó bá gbẹ, ó ń jọ òkúta erékùṣù Portland. Ọkọ̀ òkun ló ń gbé e wá sí Èkó. Ohun tó dùn mọ́ èmi onímọ̀ èdè ni pé àwọn Àgùdà tó mọ iṣẹ́ náà jù ń pè é ní cimento, ṣùgbọ́n ìró Gẹ̀ẹ́sì ló borí lẹ́nu wa. Ẹni tó ń ta ọjà ló ń sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe ẹni tó mọ̀ ọ́n lò.

Ohun kan tún wà tó sọ ilẹ̀ di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku àti yọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ń tàn kálẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí a fi wọ ọdún 1930 àti díẹ̀. Eku ń lu ilẹ̀ amọ̀, ó ń bímọ sínú rẹ̀. Kò lè lu sìmẹ́ńtì. Ìjọba amúnisìn dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1928, Lagos Executive Development Board, LEDB, láti tún ìlú náà tò. Àjọ yìí kan náà ló wó ọ̀pọ̀ ilé ní àárín Èkó láti 1955 lọ, tó sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris kọ ìwé lé e ní 1961, ó sì fi hàn bí ẹbí tó ń gbé àgbàlá kan ṣe túká. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí àgbàlagbà Èkó kan ń fi ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ilé baba rẹ̀ yangàn, ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà kan, ilẹ̀ yẹn wà lára ohun tó ń ya ilé tí wọn yóò fi sílẹ̀ kúrò lára èyí tí wọn yóò wó.

Ilẹ̀ pupa ni mo ń wí. Gbogbo ẹni tó dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá kí táìsì tó gbòde ló mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á da kọnkéré sílẹ̀. Lórí rẹ̀ ni wọn yóò tẹ́ yanrìn àti sìmẹ́ńtì tí kò ní òkúta nínú sí, kò ju ìwọ̀n ọmọ ìka méjì lọ ní nínípọn. Kí ó tó gbẹ, wọn á pò sìmẹ́ńtì mọ́ lẹ́búlẹ́bú pupa tó jẹ́ ọmọ ìyá irin tó dógùn-ún, wọn á bù ú wọ́n ojú rẹ̀, bíríkìlà á sì fi irin pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́, á máa tẹ̀ ẹ́, á máa fà á, títí yóò fi máa dán. Àkókò ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀: bí ó bá tètè ṣe é, omi yóò rú sókè, bí ó bá pẹ́, irin yóò kàn máa ha á ni. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ á ta okùn lé e kí ó tó gbẹ tán, á fi fa ìlà, kí ó lè dà bíi pé táìsì pupa ni wọ́n tò. Lẹ́yìn ìyẹn ni póólíìṣì inú agolo, àkísà, àti orúnkún àwọn ọmọ ilé. Iṣẹ́ tí àwọn ìyá wa ń fi ìgbẹ́ màlúù ṣe kò tán. Agolo ló gbé e wọ̀.

Àwọ̀ pupa náà kò jìn. Ojú ilẹ̀ nìkan ló wà, kò nípọn tó owó ẹyọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí.

Sìmẹ́ńtì tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Nkálágù ní 1957, ti Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn òde òní sì tẹ̀lé e ní oṣù kejìlá ọdún 1960, àpò aláwòrán erin tí gbogbo bíríkìlà mọ̀. Kò tó wa. Ní 1975, lásìkò ìjọba Gowon, wọ́n ti pàṣẹ sìmẹ́ńtì bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù láti òkè òkun. Èbúté Èkó kò lè gba ìdá kékeré nínú rẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ òkun ló tò sójú agbami tí wọ́n ń retí àyè, tí ìjọba ń san owó ìdúró fún wọn, tí sìmẹ́ńtì sì ń bàjẹ́ nínú ikùn ọkọ̀. Ẹni tó bá ti rí àpò sìmẹ́ńtì tó dì gbagidi nínú yàrá olọ́rinrin mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìtàn yẹn tó àpilẹ̀kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Àárín ìgbà yìí ni tẹràsò gbilẹ̀ ní ọ́fíìsì, ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ilé olówó: wẹ́wẹ́ òkúta mábù tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ńtì, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ àti omi lọ̀ nígbà tó gbẹ, títí inú òkúta yóò fi yọ. Ẹ fi ojú inú wo ọlọ tí ìyá yín fi ń lọ ata, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Ní ti táìsì tó lé tẹràsò lọ, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó yá, ó mọ́, ọjà rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ olómi, ó máa ń dìde, a máa ró bí igbá òfìfo tí a bá tẹ̀ ẹ́, bí ọ̀kan bá sì fọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, a kì í rí èkejì rẹ̀ rà mọ́.

Èyí ló mú wa dé kọnkéré dídán ti òde òní. Ìparí ọ̀rúndún ogún ni ọ̀nà tuntun náà bẹ̀rẹ̀ sí í tàn káàkiri ayé. Ẹ̀rọ kan tó ní àwo tó ń yí ni, eyín dáyámọ́ńdì sì wà lára àwo náà. Eyín rẹ̀ ní nọ́ńbà: wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti 30 tàbí 40 tó le gan-an, wọ́n á gòkè sí 80, sí 150, lẹ́yìn náà wọ́n á bọ́ sí èyí tó fẹ́lẹ́, 200, 400, 800, títí dé 1500 tàbí 3000. Bí nọ́ńbà bá ti ń ga ni eyín ń kéré sí i. Láàárín iṣẹ́ náà, wọ́n á da omi kan tí wọ́n ń pè ní silicate sí i. Bí sìmẹ́ńtì bá gbẹ, ẹfun kan máa ń ṣẹ́kù nínú rẹ̀ tí kò ṣe iṣẹ́ kankan. Omi yìí yóò wọ inú kọnkéré, yóò pàdé ẹfun náà, àwọn méjèèjì yóò sì di ohun líle tó ń dí ihò wẹ́wẹ́. Ní nọ́ńbà 400, ilẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Ní 800, a ó máa rí òjìji fìtílà nínú rẹ̀. Ní 3000, a lè fi wé dígí. Kọnkéré tuntun gbọ́dọ̀ ti pé nǹkan bí ọjọ́ 28 kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ni ilé ni yóò tún yan bí wọn yóò ṣe jìn tó: kí wọ́n kan ojú sìmẹ́ńtì nìkan, kí wọ́n jìn dé yanrìn, tàbí kí wọ́n lọ̀ ọ́ títí òkúta gíránáìtì yóò fi yọ, tí yóò sì fẹ́ jọ tẹràsò.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àgbàlá tí mo dárúkọ lókè. Ọ̀rẹ́ mi kan jogún ilé baba bàbá rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan òpópó Ìgbóṣèrè, ó sì fẹ́ fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe ilé ìtàwé. Ó ti rí àwòrán kọnkéré dídán, ó ti bá àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti dá iye lé e. Ó ní kí n wá bá òun wo ilé náà nítorí pé òun fẹ́ kọ orúkọ ilé ìtàwé náà sára ilẹ̀ ní èdè Yorùbá, òun kò sì fẹ́ kí àmì ohùn rẹ̀ ṣì. Nígbà tí a ká rọ́bà tí wọ́n fi bo ilẹ̀ yàrá iwájú, ilẹ̀ pupa ló wà lábẹ́ rẹ̀, tó ní ìlà tí wọ́n fi okùn fà, tó ti fọ́ níbì kan lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹsẹ̀ ìran mẹ́ta sì ti fi ọ̀nà sí láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ibi àtẹ̀gùn.

Ọ̀rẹ́ mi rò pé ohun tó rọrùn ni: kí ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, kí ó máa dán sí i. Níhìn-ín ni mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó dá ọwọ́ dúró. Bí mo ti wí, ojú nìkan ni pupa náà wà. Eyín 30 kan ṣoṣo yóò gbá a lọ kí oníṣẹ́ tó mu omi. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe kọnkéré. Yanrìn àti sìmẹ́ńtì tí kò lókúta nínú ni, kò le tó, yóò máa ya bí àkàrà gbígbẹ lábẹ́ dáyámọ́ńdì. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ilé wa ló rí báyìí, ti àtijọ́ àti ti òde òní, àwọn tó ń ta iṣẹ́ ẹ̀rọ kì í sì í sábà sọ ọ́ kí wọ́n tó gba owó. Ẹni tó bá fẹ́ kọnkéré dídán lóòótọ́, kọnkéré gan-an ni kó ní, tó ní òkúta nínú, tí wọ́n pò dáadáa, tí wọ́n sì gé ojú ìlà sí kí ó lè mọ ibi tí yóò là sí bí ó bá fẹ́ là.

Iyàn náà kò parí lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ilẹ̀ àtijọ́ kò ní jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé ibi tuntun ni ibẹ̀. Mo ní bóyá ìyẹn gan-an ni èrè rẹ̀. Ẹ rántí Ilójò ní Tinúubú, ilé Fernandez tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí wọ́n kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956, tí wọ́n sì wó ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Gbogbo wa kígbe fún fèrèsé rẹ̀ àti ọnà ara ògiri rẹ̀. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè irú ilẹ̀ tó ní. Ilẹ̀ ni ibi tí ara àwọn tó gbé inú ilé ti kan ilé náà jù lọ, òun sì ni à ń kọ́kọ́ bò mọ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí ni pé yàrá iwájú dúró bó ti wà. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi sìmẹ́ńtì pupa dí ibi tó fọ́, àwọ̀ ibẹ̀ kò sì bá ti àtijọ́ mu rẹ́gí, èyí tí n kò kà sí àbùkù. Wọ́n fi póólíìṣì pa á. Yàrá tuntun tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn ni wọ́n da kọnkéré sí, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ dé 400 péré. Mo gbà á níyànjú pé kó má gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ fún irú ojú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: ó lè tẹ́jú, ó lè kúnná, ó lè jọ̀lọ̀, ó lè dán, ó sì lè yọ̀. Láàárín dídán àti yíyọ̀, ẹ̀kán omi òjò kan ló wà, pàápàá bí ìdọ̀tí ọ̀nà bá bá a wọlé lábẹ́ bàtà oníbàárà. Ilé tí ojúde rẹ̀ ń kún fún omi lọ́dọọdún kò nílò ilẹ̀ tó dà bí dígí.

Fún ẹni tó bá wà ní Èkó tó ń ronú irú iṣẹ́ yìí, ìdánwò kan wà tí kò ju iye ọ̀rá kan lọ. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ kedere, tó nípọn, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ ní ìbú àti ní òró. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀, kí ẹ fi tépù lẹ gbogbo etí rẹ̀ pinpin, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 16, láti ìrọ̀lẹ́ di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá ṣí i tí ẹ bá ẹ̀kán omi lábẹ́ ọ̀rá, tàbí tí ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú ju ìyókù lọ, omi ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀. Ẹ wá ọ̀nà tí ẹ óò fi dí i, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe é nígbà ọyẹ́, nítorí ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ bí a ti ń purọ́ nínú ọyẹ́. Oṣù kẹfà ni kí ẹ ṣe é, lẹ́yìn ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ṣúlẹ̀.